Kí Sìmẹ́ǹtì Tó Dì

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na ìwé yìí sí lójú títì, mo mọ̀ pé ò ń kánjú. Bóyá o ti fẹ́ ká a sápò, kó o kà á tó bá yá. Ọ̀rọ̀ "tó bá yá" yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọkùnrin kan wà ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin níbí, tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà jù ọ́ lọ. Fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Adépọ̀jù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìlọrin débi pé bó bá délé, wọ́n á máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe tà. Ọgbà rẹ̀ wà létí títì, búlọ́ọ̀kù tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá bò wọ́n lórí.

Ká sọ tòótọ́, ó mọṣẹ́. Àwọn mìíràn á tẹ búlọ́ọ̀kù lónìí, wọ́n á gbé e fún oníbàárà lọ́la, kó tó délé, ìdajì rẹ̀ á ti di iyẹ̀pẹ̀. Adépọ̀jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á wọ́n omi sí i láàárọ̀, á tún wọ́n ọn nírọ̀lẹ́, á fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbó. Oníbàárà tó bá ń kán an lójú, èsì kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Kó gbẹ ná." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Kógbẹná lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Dámiláre, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọgbà búlọ́ọ̀kù náà. Àwọn méjèèjì jọ ń mu páraga nígbà kan, títí Jésù fi gba Dámiláre lọ́wọ́ ìgò. Láti ọjọ́ náà ni Dámiláre ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìgbàlà. Adépọ̀jù kì í bá a jiyàn. Ó gbà pé Jésù kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ó tiẹ̀ gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun. Á kàn rẹ́rìn-ín, á da ohun tó kù nínú ife sọ́fun, á ní, "Dámiláre, mo gbọ́. Kó gbẹ ná. Jẹ́ kí n kọ́lé tán."

Ó kọ́lé tán. Ó wá ní ó dìgbà tóun bá bímọ.

Ọlọ́run fún un lọ́mọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí Adédoyin, ìyàwó rẹ̀, ti ń retí. Obìnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Jọmílójú. Ayọ̀ ọjọ́ ìkómọ yẹn pọ̀, mo wà níbẹ̀, Adépọ̀jù mu ọtí débi pé àwọn méjì ló gbé e wọlé.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í lè mu ọmú tẹ́rùn. Á fà á lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré, òógùn á sì bò ó níwájú orí. Nígbà tó pé oṣù méjì, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ. Adédoyin gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀.

Dókítà tó gbà wọ́n ń jẹ́ Basheerah, ọmọ Ìlọrin gidi, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ya àwòrán ọkàn sórí ìwé fún wọn. Ó ní, "Bàbá, ihò kan wà láàárín yàrá méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ihò mìíràn wà tó kéré, a máa ń fi í sílẹ̀, á dí fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Ti Jọmílójú kì í ṣe irú ìyẹn. Ó tóbi. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sára ń rọ́ gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ la máa fi dí i, a sì fẹ́ ṣe é kó tó pé oṣù mẹ́fà."

Adépọ̀jù wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Ọmọ tí kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró, òun lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ là láyà? Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀. Bó bá ti pé ọdún méjì, mẹ́ta, tó sanra, ara rẹ̀ á lè gba abẹ."

"Ihò yẹn ni kò jẹ́ kó sanra, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá ní kó sanra kẹ́ ẹ tó tọ́jú ihò, ẹ máa dúró títí ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró le, díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá le tán, a ò ní lè dí ihò náà mọ́. Dídí tá a bá dí i gan-an ló máa pa á."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sétí kan, ó gba èkejì jáde. Adépọ̀jù ti fi ogún ọdún wo ohun tútù tó ń di líle, ó sì ti dá a lójú pé bí nǹkan bá ṣe pẹ́ sí ló ṣe ń lágbára sí.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn tó máa ń wá sílé ìwòsàn náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń wá, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì ń lò. Owó kọ́ ló dí Adépọ̀jù lọ́wọ́, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kan ti gbé ìyẹn rù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, Jọmílójú jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Adépọ̀jù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kó gbẹ ná." Adédoyin sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ní ó ń mú ọmọ sanra. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, á fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ká, láti wò ó bóyá ó ti ń nípọn. Oṣù lọ, oṣù bọ̀, àwọn ìka náà ṣì ń kan ara wọn pẹ̀lú àyè.

Ìgbà kejì dé nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì pe fóònù Adépọ̀jù, ó ní kí wọ́n gbé Jọmílójú wá láàárọ̀ Monday. Adépọ̀jù ní àwọn máa wá. Ó wá gbé káàdì ilé ìwòsàn náà sápò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún Adédoyin pé, "Wọ́n ní àwọn dókítà yẹn ò wá mọ́. Ó di lẹ́yìn òjò."

Adédoyin wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Adépọ̀jù kò ti balẹ̀ mọ́. Irọ́ náà kò jẹ́ kó lè jókòó. Monday, ó ti dé ọgbà kí oòrùn tó yọ, ó sì ti mutí kó tó di ọ̀sán. Tuesday, ó ń tú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò, ó ń tún un tò. Bí fóònù bá dún, á fò. Òṣìṣẹ́ kan wá sọ fún un pé òrùlé yàrá sìmẹ́ǹtì ti ń jò, ó jágbe mọ́ ọn pé kí òjò dá ná, káwọn tó gun òkè ilé.

Dámiláre ń wò ó láti òdìkejì títì. Lọ́jọ́ Wednesday, ó sọdá wá. Ó ní, "Pọ̀jù, kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí nǹkan."

"O ti tú òkìtì kan ṣoṣo yìí lẹ́ẹ̀mẹta láti àná."

Adépọ̀jù mú páànù omi, ó lọ ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù tí òjò ti rọ̀ lé lórí.

Láàárọ̀ Thursday, ó ṣí yàrá sìmẹ́ǹtì. Àpò mẹ́fà tó wà lábẹ́ ibi tó ń jò ti dì. Ó fẹsẹ̀ ta ọ̀kan, ẹsẹ̀ ló dùn ún. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́. Kò ní dúró nínú búlọ́ọ̀kù, kò ní dúró lára ògiri, wọ́n á kàn gbé e sọ nù ni. Ó ń bínú, ó ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

Adédoyin ni. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ jù. Ó ní, "Bàbá Jọmí, ètè ọmọ dúdú lórí ọmú láàárọ̀ yìí, kò lè mí. Mo ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní Monday làwọn ń retí wa. Wọ́n ní ìwọ làwọn bá sọ̀rọ̀." Ó sì pa fóònù.

Adépọ̀jù kò rántí bó ṣe wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé, ó bá ọmọ náà lórí ibùsùn tí wọ́n ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Adédoyin kò yíjú sí i. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Dókítà Basheerah kò bá a jà. Ì bá sàn fún Adépọ̀jù ká ní ó bá a jà. Ó ní ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la ní ikọ́ àti ibà, torí náà àyè kan ṣí sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò ná. Oṣù mẹ́fà tó lọ yìí, a ò mọ ohun tó ti ṣe níbẹ̀. Tó bá ti le tán, Bàbá, mi ò ní lè gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ lọ jókòó níta."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn kan. Ó dìde. Ó tún jókòó. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Òkè-Òyì wà níbẹ̀, Àhmádù lorúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Zahrah, ọmọ ọdún méje. Ọmọ náà rẹwà, ó tínrín, ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tó rẹ wọ́n láró. Ó wo ẹsẹ̀ Adépọ̀jù. Ó ní, "Bàbá, sìmẹ́ǹtì wà lẹ́sẹ̀ yín."

Bàbá rẹ̀ ní kó lọ máa ṣeré lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó lọ tán, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tán ni. Wọ́n ní ihò ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Wọ́n ní ká ní a gbé e wá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni, àwọn ì bá dí i. Ẹ̀dọ̀fóró ti le báyìí. Oògùn ni yóò máa lò." Ó wo ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. "A à gbọ́ ni, àwé. Kò sẹ́ni tó wí fún wa. Ikọ́ ni wọ́n ń pè é fún wa ní gbogbo ọdún yìí. Ká ní ẹnì kan wí fún mi ni, bí kò tiẹ̀ sí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn láti Òkè-Òyì dé ibi. Ọlọ́hun mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n tètè wí fún yín?"

Adépọ̀jù dìde, ó sì jáde lọ sínú oòrùn.

Ibẹ̀ ni Dámiláre ti bá a, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan, tó ń lọ láti ìdí igi dé ìdí ẹ̀rọ omi, tó ń padà. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní irun Dámiláre. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá ni. Adépọ̀jù kò dúró láti kí i. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn.

"Wọ́n sọ fún mi. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń sọ fún mi. Bàbá yẹn ò gbọ́ rárá, èmi gbọ́. Mo fi ọmọ mi sínú òjò bí mo ṣe fi àpò sìmẹ́ǹtì wọ̀nyẹn síbẹ̀, mo ní kó gbẹ ná." Ó fọwọ́ bojú. "Dámiláre, ẹ̀rù ló ń bà mí. Àbúrò mi Ayọ̀díjí, tìyẹ́tà ni wọ́n gbé e wọ̀ nítorí inú rírun lásán, òkú rẹ̀ la gbà. Mi ò sọ fún Adédoyin rí. Mo ní tí mo bá ṣáà ń sún un síwájú..."

Dámiláre di apá rẹ̀ mú, kó lè dúró. Ó ní, "Mi ò ní tàn ọ́ pé ọmọ náà á yè. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ti bá Jésù náà lò báyìí fún ọdún mọ́kànlá."

"Bó bá lè dá ọmọ yìí sí, màá sìn ín. Mo búra. Bí dókítà bá jáde tó ní ó dára, lójú ẹsẹ̀ náà."

"Pọ̀jù, ìyẹn náà 'kó gbẹ ná' ni."

Adépọ̀jù wò ó.

"Ò ń dá a dúró títí wàá fi rí èsì," ni Dámiláre wí. "Tí èsì ò bá dára ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tó o dá ò ní tìtorí ìyẹn kúrò lọ́rùn rẹ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti ta sílẹ̀ fún ọ kí wọ́n tó bí ọ. Kò ní kó o gbó kó o tó wá. Ó ní kó o wá bó o ṣe rí."

Mo fẹ́ kó o fiyè sí èyí, ìwọ tó ń kàwé yìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí ọmọ yè ni Adépọ̀jù yí padà. Rárá o. Dókítà kò tíì jáde. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn níṣojú àwọn tó ń pọnmi, ó sì sọ fún Ọlọ́run pé agbéraga lòun, ọ̀mùtí lòun, òpùrọ́ lòun, pé òun gbọ́, òun sì kọ̀. Ó ní, "Jésù, mi ò ní kó o dúró mọ́. Gbà mí báyìí. Bí o bá mú ọmọ yìí, mo ṣì jẹ́ tìrẹ." Ẹkún ló fi parí rẹ̀.

Nígbà tó dìde, ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù kì-kì-kì fún ọmọ rẹ̀. N kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan ti kúrò lórí òun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tóun kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ó wọlé lọ bá Adédoyin, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ ti Ayọ̀díjí fún un. Adédoyin gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ sí i.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni dókítà jáde. Ó jókòó ti àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kò tíì le tán. Àyè tó kù kò pọ̀. Ká ní ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n tún máa wá ni, à bá ti pẹ́ jù. Lọ́la la máa ṣe é." Adépọ̀jù gba ìwé, ó fọwọ́ sí i. Kò sọ pé kí wọ́n dúró.

Wọ́n dí ihò náà lọ́jọ́ Friday. Wákàtí márùn-ún ni. Adépọ̀jù àti Dámiláre gbàdúrà títí ohùn fi há wọn. Ọmọ náà jáde láàyè.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Adépọ̀jù dúró lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù, Adédoyin sì ń fún Jọmílójú lọ́mú. Láìmọ̀, ó ń kà á lábẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó dúró de mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn. Kò dé. Mẹ́rin, márùn-ún. Ogún. Ọmọ náà ń fà á lọ, iwájú orí rẹ̀ gbẹ, kò sí òógùn kankan níbẹ̀. Adédoyin gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Jọmí, wá wò ó." Láti ọjọ́ Thursday yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó pè é.

Adépọ̀jù kò mutí mọ́. Ó máa ń lọ kí àwọn Zahrah ní Òkè-Òyì lóṣooṣù. Ọmọ náà ń lo oògùn rẹ̀, ó ń kàwé, kì í lè sáré. Adépọ̀jù sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, òun kì í mọ ibi tóun máa gbójú sí. Bàbá yẹn kò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ìwọ wá ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ń bá bọ̀ látàárọ̀. O mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú ayé rẹ, kò dìgbà tí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ọ. O ti gbọ́ ohùn Jésù rí, bóyá lẹ́nu ìyá rẹ, bóyá níbi òkú ẹnì kan. O ní kó o fẹ́yàwó ná, kó o fìdí múlẹ̀ ná, kó o dàgbà díẹ̀. O rò pé bó o bá ń pẹ́ sí i, á túbọ̀ rọrùn. Kì í rọrùn. Ohun tí à ń kọ̀ lójoojúmọ́ ń le sí wa lára, títí ọjọ́ kan tí a ó gbọ́ ọ tí kò ní dùn wá mọ́.

Dókítà Basheerah ní ẹ̀rọ tó fi yẹ ẹ̀dọ̀fóró Jọmílójú wò, tó fi mọ̀ pé àyè ṣì kù. N kò mọ ẹ̀rọ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi mọ̀ pé àyè kù fún ọ ni pé o ṣì ń kà á, ó sì ń dùn ọ́ díẹ̀.

Ibi tó o jókòó sí yẹn tó. Inú kẹ̀kẹ́ ni, ṣọ́ọ̀bù ni, ìdí ọtí ni. Pa ojú rẹ dé. Sọ fún Jésù pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, pé o gbà pé ó kú nítorí rẹ, pé kó wọlé wá lónìí. Kò ní lé ọ padà.

Ó ń dúró dè ọ́ bó o ṣe ń ka ìlà yìí. Jọ̀ọ́, má sọ fún un pé kó gbẹ ná.